Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tí Ìròyìn CBN, Gbèsè Ìjọba àti Owó Ibodè Fẹ́ Fi Owó Yín Ṣe

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù, kẹ́ni tí ò ráyè kà á dópin má bàa lọ lọ́wọ́ òfo. Kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ sí nǹkan kan, ì báà ṣe ṣíà, ì báà ṣe dọ́là, ì báà ṣe ilẹ̀ lọ́nà Òṣogbo, ẹ lọ wo iye èlé tí ìjọba àpapọ̀ ń san lórí T-bill ọlọ́dún kan, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń yá owó fún ìgbà kúkúrú, lọ́sẹ̀ yẹn. Iye yẹn ni gbogbo nǹkan tó kù ń wo ojú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń yá náírà tó ìjọba lórílẹ̀-èdè yìí, tẹ́ni tó tóbi jù lọ́jà bá wá ń pariwo pé òun máa san 20%, ta ló fẹ́ kó owó ẹ̀ fún kọ́ńpìnnì tó ń san 6%, àbí kó fi sílẹ̀ ní báńkì tó ń fún un ní nǹkan tí ò tó ra káàdì? Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn ará wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù n'Íléṣà níbí nìyẹn, pé ìròyìn ọrọ̀ ajé ò le tó bí àwọn tó ń sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń mú kó le. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, t'Abuja ni o, t'Amẹ́ríkà ni o, ẹ bi í léèrè: ta ló ń wá owó, ṣé náírà ló ń wá àbí dọ́là, èló ló sì máa san kó tó rí i? Ìyókù, àlàyé lásán ni.

Gbèsè ìjọba, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀

Gbèsè ò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀ṣà. Àwọn bàbá wa tó ṣe òṣómàáló gbé aṣọ ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ pé wọ́n lọ lóṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde. Àwọn tó ń yá ìjọba lówó náà, òṣómàáló ni wọ́n, àfi pé wọn kì í lóṣó. Tẹ́rù bá ti ń bà wọ́n pé owó lè má padà wá, èlé ni wọ́n ń fi kún, àwọn mí-ìn á tiẹ̀ ta ìwé gbèsè tó wà lọ́wọ́ wọn dànù ní ẹ̀dínwó kí wọ́n lè tètè sá. Nígbà tí èlé ìjọba bá sì ti gòkè, ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ yáwó ra mọ́tò akérò ti bá a gòkè nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún o. Ní September 2022, mínísítà ìṣúná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kwasi Kwarteng, kéde pé òun máa dín owó orí kù gan-an, kò sì sọ ibi tí owó tó máa dí i ti máa wá. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yẹn ló sọ ọ́. Àwọn tó ń ra gbèsè ìjọba wọn bá ń tà á wìtìwìtì, pọ́n-ùn já wálẹ̀, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n báńkì àpapọ̀ wọn fúnra ẹ̀ ti ní láti jáde wá ra bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn, kí owó ìfẹ̀yìntì àwọn èèyàn má bàa dàrú. Kí October tó parí, Liz Truss tó jẹ́ olórí ìjọba ti ní òun ń lọ. Àwọn òṣómàáló ò dìbò, wọn ò sì jáde síta ṣèwọ́de, ìwé gbèsè tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n tà.

Tí owó orí àti owó epo ò bá tó ìjọba wa, ọ̀nà mẹ́ta ló ní. Ó lè yá náírà nílé, ìyẹn T-bill àti bọ́ǹdì. Ó lè yá dọ́là níta, bíi Eurobond, bíi ti World Bank, bíi ti China. Ó sì lè ní kí CBN, báńkì àpapọ̀ wa, ṣáà fún òun. Ẹ gbìyànjú láti mọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń dun èèyàn yàtọ̀ síra wọn. Èyí tó yá nílé ń fa èlé sókè. Èyí tó yá níta ń mú kí náírà fara rọ díẹ̀ nísinsìnyí, nítorí dọ́là wọlé, àmọ́ ọjọ́ tó bá fẹ́ san án padà, òun àti ẹ̀yin lẹ jọ máa du dọ́là. Ẹ̀kẹta ló burú jù lójú tèmi. Òfin CBN, abala kejìdínlógójì, sọ ọ́ gbangba nígbà náà pé owó tí CBN lè fi ran ìjọba lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ ju 5% owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú, síbẹ̀ nígbà tó fi máa di 2023 ó ti tó N22.7 trílíọ̀nù, àwọn aṣòfin wá sọ ọ́ di gbèsè ogójì ọdún ní èlé 9%. Owó tó ti ibẹ̀ wá kì í ṣe owó tẹ́nì kan fi pamọ́ o. Ó kàn bọ́ sáàárín ọjà ni, bẹ́ẹ̀ iṣu ò pọ̀ sí i, garri ò pọ̀ sí i.

Àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti máa fi àròpọ̀ gbèsè dẹ́rù bani, ẹ jẹ́ n fi bẹ́ ẹ ṣe máa tú u hàn yín. Ní ìparí March 2023, DMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, sọ pé gbogbo gbèsè wa jẹ́ N49.85 trílíọ̀nù. Nígbà tí June parí ó ti di N87.38 trílíọ̀nù. Oṣù mẹ́ta! Gbogbo èèyàn figbe ta. Ẹ wá tú u wò o: owó CBN yẹn tí wọn ò kà mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sínú ìwé. Gbèsè dọ́là tá a jẹ níta ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan, láti nǹkan bíi $42.7 bílíọ̀nù sí $43.2 bílíọ̀nù, àmọ́ bíi N460 ni wọ́n ṣírò dọ́là kan sí ní March, bíi N770 ni wọ́n ṣírò ẹ̀ sí ní June, ìyẹn nìkan ti fi trílíọ̀nù mẹ́tàlá àti ààbọ̀ lé e lórí, bẹ́ẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó yá wa lówó tuntun níta. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ iye gbèsè, ẹ bi wọ́n léèrè pé mélòó ni dọ́là níbẹ̀, ẹ sì wo mélòó nínú owó tó ń wọlé fún ìjọba ló ń bá èlé lọ. Ìyẹn ló ń fa èlé ọ̀la, àròpọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣírò T-bill

Mo máa fara balẹ̀ níbí torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ṣì í. T-bill wà fún ọjọ́ 91, ọjọ́ 182 àti ọjọ́ 364. CBN ló ń bá DMO tà á, ọjọ́rú ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, iye tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni wọ́n ń pè ní stop rate. Èlé ẹ̀, iwájú ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ká ní ẹ fẹ́ kó di N1,000,000 ní ìparí ọjọ́ 364, tí stop rate sì jẹ́ 18%. Ẹ sọ mílíọ̀nù kan di ìlọ́po 0.18, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 364, ẹ fi 365 pín in, ó máa fún yín ní N179,507. Wọ́n á yọ ìyẹn kúrò, N820,493 lẹ máa san, ọjọ́ tó bá pé mílíọ̀nù pé perepere ló máa wọlé. Wàyí o, èrè N179,507 lórí N820,493 kì í ṣe 18% mọ́, ó ti tó 21.9%. Tí báńkì kan bá wá sọ fún yín pé òun máa fún yín ní 19% fixed deposit, pé òun ti lé ti ìjọba kọjá, ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ bi wọ́n ṣá pé èló ni wọ́n máa gbà níbẹ̀ àti owó orí wo ni wọ́n máa yọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Atákúnmọ́sà bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá gba 21.9%, ṣebí mo ti jèrè?" Mo ní ẹ rọra, màámi. Ní December 2024, NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣírò iye ọjà, ní ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ 34.80%. Ẹni tó gba 22% lórí owó ẹ̀ lọ́dún yẹn, owó ẹ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ aṣọ tó lè rà dín kù. Kí ẹ sì kíyè sí i pé oṣù kan péré lẹ́yìn ìyẹn, ní January 2025, iye yẹn já wálẹ̀ sí 24.48%. Ọjà kọ́ ló já o! NBS tún ìṣirò ṣe ni, wọ́n yí ọdún tí wọ́n fi ń díwọ̀n padà, wọ́n yí iye tí wọ́n ka oúnjẹ àti owó ilé sí padà. Torí náà ẹ má fi iye 2024 wé iye 2025 bí ẹni pé òṣùwọ̀n kan náà ni.

CBN àti ẹ̀ka tó ń pinnu èlé

Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní MPC máa ń jókòó l'Ábújá, wọ́n á kéde MPR, ìyẹn èlé tí CBN fi ń tọ́ka ọ̀nà fún ọjà. Ní 2022 títí di April, 11.5% ni. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè, àmọ́ ìgbà tí Olayemi Cardoso di gómìnà CBN tán ni wọ́n wá gbé e lọ́nà tó yani lẹ́nu: February 2024 láti 18.75% lọ sí 22.75% lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, March 24.75%, títí ó fi dé 27.5% ní November ọdún yẹn. September 2025 ni wọ́n tó dín in kù sí 27%.

MPR kọ́ ni èlé tẹ́ ẹ máa rí gbà o. Ó kàn ń tọ́ka sí ibi tí CBN fẹ́ kí owó dojú kọ ni. Èyí tó ń dun báńkì gan-an ni CRR, ìyẹn iye tí CBN ń gbà sọ́wọ́ nínú gbogbo owó tẹ́ ẹ bá lọ fi pamọ́, tí kì í sì í san èlé kankan lórí ẹ̀. Ó gbé e lọ sí 45% ní February 2024, ó sọ ọ́ di 50% ní September, ó tún padà dá a sí 45% lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: nínú N100 tẹ́ ẹ kó lọ báńkì, N45 ti wà ní CBN ó ń sùn, N55 tó kù ni báńkì fẹ́ fi rí èrè tó máa tó fún gbogbo N100. Ṣé ẹ ti rí ìdí tí èlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín fi lé ní 30%, tí èyí tí wọ́n ń fún yín sì rí ṣákálá? Kì í ṣe ìwọra nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọra náà wà níbẹ̀ o jàre.

Kí wá ni CBN ń ṣe sí ṣíà? Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní October 2019, CBN ní ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe báńkì tàbí òyìnbó tó ń kówó wọlé ò gbọdọ̀ ra OMO mọ́, ìyẹn ìwé èlé tí òun fúnra òun ń tà. Àwọn onífowópamọ́ ìfẹ̀yìntì àtàwọn kọ́ńpìnnì tí owó wọn wà níbẹ̀ ò bá mọ ibi tí wọ́n máa kó o gbà. Gbogbo wọn ya bo T-bill, débi pé ní November 2020 T-bill ọlọ́dún kan ò san tó ẹyọ 1%. Ẹ gbọ́ mi yé o, kò tó ọ̀kan! Ni owó bá ṣí lọ sí ṣíà, tí ọjà ṣíà wa lọ sókè ní 50% lọ́dún kòrónà, lọ́dún tí ilé-iṣẹ́ ti pa tí gbogbo èèyàn ń sunkún. Àwọn tó rò pé ṣíà kì í gòkè àfi tí ọjà bá ń tà ò lóye ẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn èlé ló ń tọ̀.

Àmọ́ ẹ má yára mú ìyẹn ní òfin. Lọ́dún 2024 tí èlé ga fíofío, ṣíà tún gòkè ní 37.65%. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé náírà ti já, báńkì tí dọ́là wà lọ́wọ́ ẹ̀ jèrè gọbọi nínú ìṣirò, kọ́ńpìnnì gbówó lé ọjà, nígbà tí ọ̀wọ́ngógó sì lé ní 30%, àwọn èèyàn ń wá nǹkan kan gbá mú dípò kí wọ́n di owó lásán mú. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀wọ́ngógó yẹn kúrò nínú 37.65%, èrè tó ṣẹ́ kù ò tó nǹkan. Kì í sì í ṣe gbogbo ṣíà ló jẹ nínú ẹ̀. MTN Nigeria pàdánù N137 bílíọ̀nù lọ́dún 2023, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń ra dátà lójoojúmọ́. Kí ló dé? Gbèsè dọ́là ni, owó òpó tí wọ́n ń san pẹ̀lú dọ́là ni. Torí náà kẹ́ ẹ tó ra ṣíà, ẹ wo inú ìwé ìṣirò ọdún wọn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ foreign exchange loss sí, ìyẹn owó tí wọ́n pàdánù nítorí dọ́là gòkè. Ojú ewé yẹn ju gbogbo fọ́tò àwọn dáríkítọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Bọ́ǹdì ńkọ́? Ká ní bọ́ǹdì kan wà lọ́wọ́ yín, N100,000, ó ń san 12%, ó ku ọdún kan kó pé. Ọdún tó ń bọ̀ N112,000 ló máa fún yín. Ìjọba wá gbé tuntun jáde ní 20%. Ta ló máa ra ti yín ní N100,000? Kò sí. Bíi N93,300 ni wọ́n máa rà á, torí N93,300 tó bá di N112,000 ló ṣe 20%. Èlé gòkè, iye bọ́ǹdì wálẹ̀, ó parí. Tẹ́ ẹ bá dúró títí ó fi pé, kò kàn yín. Ẹni tó bá nílò owó kó tó pé ló máa kàn.

Owó ibodè, kòkó wa àti dọ́là

Ní April 2, 2025, Ààrẹ Trump gbé owó ibodè lé gbogbo ayé lórí, ó ní 14% ni ti Nàìjíríà. Àwọn èèyàn ní kí ló kàn wá, ṣebí epo rọ̀bì la ń tà fún wọn, wọn ò sì gbé e lé epo. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan àgbá epo kan já láti orí $70 àti díẹ̀ sí nǹkan bíi $60, torí àwọn oníṣòwò ayé rò pé tí òwò bá dínkù, epo táwọn èèyàn máa jó náà máa dínkù. Epo já, dọ́là tó máa wọlé fún wa máa dínkù, òyìnbó tó gbé owó wá síbí nítorí èlé bá ń wá ọ̀nà ilé lọ, náírà ń lọ sápá N1,600, CBN ní láti ta nǹkan bíi $198 mílíọ̀nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí nǹkan lè rọlẹ̀. Ẹ rí i pé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ orúkọ wa sí kọ́ ló gbà wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ tẹ̀ lé dọ́là, ẹ béèrè ẹni tó ń wá a àtẹni tó ń tà á.

Èyí tó kan àwa tá a wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀ jù ni kòkó. Wọ́n tú Cocoa Board ká lọ́dún 1986, láti ìgbà náà kò sí ìjọba tó ń dá iye kòkó fún àgbẹ̀ ní Nàìjíríà, kò dà bíi ti Ghana tí COCOBOD, àjọ kòkó ìjọba wọn, ń kéde iye fún wọn. Iye tí kòkó jẹ́ ní New York àti London, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye tí dọ́là jẹ́, ẹ yọ owó mọ́tò àti èrè àwọn tó ń rà á, ohun tó kù ni ti àgbẹ̀. Ní December 2024 tọ́ọ̀nù kan lé ní $12,000 ní New York, náírà sì ti já, àgbẹ̀ wá jẹ lápá ọ̀tún jẹ lápá òsì, a rí ilé tuntun, a rí mọ́tò, a sì rí àwọn tó fi gbogbo ẹ̀ ṣe òkú àgbà. Kó tó di ìparí 2025 kòkó ti já sí ìsàlẹ̀ ìdajì iye yẹn. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọdún yìí ń lọ, kó máa wo nǹkan méjì, iye kòkó ní òkèèrè àti iye náírà, torí náírà tó bá ń le, ìròyìn ayọ̀ ni fẹ́ni tó ń ra mílíìkì, àmọ́ ó ń dín owó àgbẹ̀ kù. Ẹ tún fi òfin àwọn European Union sọ́kàn, pé kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó ẹ̀ run lẹ́yìn December 31, 2020 ò ní wọlé sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti sún un síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ ẹni tó ní oko, kó tètè lọ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ààlà oko ẹ̀ pẹ̀lú GPS.

Nílé níbí, òfin òwò tiwa náà ń da ọjà rú. CBN ní June 2015 sọ pé báńkì ò gbọdọ̀ ta dọ́là fáwọn tó fẹ́ kó ọjà mọ́kànlélógójì kan wọlé, ìrẹsì wà níbẹ̀, ó padà di mẹ́tàlélógójì. Wọn ò fòfin de kíkó wọn wọlé o, àwọn oníṣòwò bá kọrí sọ́dọ̀ abókí, iye dọ́là abókí bá jìnnà sí ti báńkì. October 2023 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Èyí fún wa ní àmì kan tí mo gbà gbọ́ ju gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀ràn lọ: ẹ máa béèrè iye dọ́là lọ́wọ́ abókí ní Sábó n'Ífẹ̀, ẹ fi wé ti báńkì. Tí àlàfo wọn bá ń fẹ̀ sí i, náírà ti fẹ́ já nìyẹn, ìgbà tó máa ṣẹlẹ̀ nìkan ló kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023 báńkì ń pe dọ́là ní bíi N465, abókí ń pè é ní bíi N750. Kí oṣù náà tó parí ti báńkì ti bá ti abókí.

Kọ́sítọ́ọ̀mù náà fi dọ́là ń ṣírò owó ibodè. Ní February 2024 wọ́n yí iye tí wọ́n fi ń ṣírò padà léraléra, láti N951 dé orí N1,400 àti lé, ẹni tó ń kó spare parts bọ̀ látorí omi, iye tó ṣírò nígbà tó ń sanwó ọjà kọ́ ló bá ní Apapa. Owó ibodè lè má gòkè rárá lórí ìwé, kó sì ti fi bí ìdajì pọ̀ sí i lápò yín.

Sìmẹ́ńtì, mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ẹ̀. Ìjọba ń dí tòkèèrè lọ́nà láti nǹkan bíi ọdún 2002 kí wọ́n lè máa ṣe é nílé, kọ́ńpìnnì díẹ̀ ló sì wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé ń ṣépè, ẹni tó ní ṣíà wọn ń gba dífídẹ́ǹdì, mo sì mọ àwọn tó ń ṣe méjèèjì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fòfin de ọjà kan, ẹ wo ẹni tó ń ṣe é nílé, kẹ́ ẹ sì wo bóyá ibi tí wọ́n ti ń rí ohun èlò ẹ̀ kì í ṣe òkèèrè kan náà.

Wúrà wa ńkọ́? Láti 2022 sí 2024, àwọn báńkì àpapọ̀ lágbàáyé ra wúrà tó lé ní ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún, pàápàá lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù gbẹ́sẹ̀ lé owó ìpamọ́ Rọ́ṣíà nítorí ogun Ukraine, tí gbogbo orílẹ̀-èdè wá rí i pé dọ́là tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì lè di ohun tí èèyàn ò ní rí ná. Ní October 2025 iye áúǹsì (ounce) wúrà kan kọjá $4,000. Àwọn èèyàn ń wá a nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lójú mejèèjì, ilé-iṣẹ́ Segilola ti ń wà á láti 2021, àwọn tí ò gbàṣẹ náà ń wà á, tí odò Ọ̀ṣun fi pọ́n bí i omi amọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra wúrà ẹ̀ṣọ́, ó dáa, àmọ́ ẹ má bá ẹnikẹ́ni tó ní òun ní wúrà inú ìgò láti inú igbó dòwò pọ̀.

Ṣé ìjọba ò lè má san ni?

Ó lè ṣẹlẹ̀. December 2022 ni Ghana kéde pé àwọn ò ní lè san ọ̀pọ̀ gbèsè òkèèrè mọ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n sì ní káwọn tó ní bọ́ǹdì nílé wá gba tuntun tí èlé ẹ̀ kéré, tí ọjọ́ ẹ̀ sì jìnnà. Àwọn arúgbó tó fi owó ìfẹ̀yìntì ra bọ́ǹdì jáde lọ jókòó síwájú ilé-iṣẹ́ ìṣúná l'Accra. Ìjọba tó jẹ náírà lè ní kí CBN tẹ náírà, torí náà lójú tèmi ewu tó wà nínú T-bill wa kì í ṣe pé wọn ò ní san, ewu ẹ̀ ni pé owó tí wọ́n máa san lè má ra nǹkan kan mọ́. Mi ò kì í fi gbogbo owó mi sí ọjọ́ gígùn nítorí ìyẹn. Tí mo bá rò pé èlé máa wálẹ̀, mo máa ń mú bọ́ǹdì ọlọ́dún mẹ́ta kí èlé tó ga yẹn lè há sí mi lọ́wọ́. Tí mo bá rò pé ó ṣì ń gòkè, ọjọ́ 91 ni mo máa mú, kí n lè tètè padà lọ gba tuntun.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á

FGN Savings Bond ló rọrùn jù fẹ́ni tówó ẹ̀ ò pọ̀. DMO bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní March 2017, ọlọ́dún méjì wà, ọlọ́dún mẹ́ta wà, N5,000 lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún lẹ ó sì máa fi lé e, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni èlé ń wọ àkáǹtì yín. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni wọ́n máa ń ṣí i, ọjọ́ díẹ̀ péré ló sì máa ń wà ní ṣíṣí. Ẹ máa nílò bróókà tó wà nínú orúkọ tí DMO kọ sórí wẹ́ẹ́bù ẹ̀, ẹ wá orúkọ wọn níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ má gba nọ́ńbà àkáǹtì lórí WhatsApp lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀. Bróókà yẹn ló máa ṣí àkáǹtì CSCS fún yín, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kọ ṣíà àti bọ́ǹdì yín sí lórúkọ yín, BVN, NIN àti àkáǹtì báńkì tí orúkọ wọn bára mu ni wọ́n máa béèrè. Bí orúkọ yín bá yàtọ̀ nínú BVN, ẹ lọ tún un ṣe ní báńkì ṣáájú, torí ibẹ̀ ni èlé àwọn èèyàn ti ń há. T-bill, báńkì yín lè bá yín rà á, ẹ jẹ́ kí ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ fún wọn ti dé ọwọ́ wọn kó tó di ọ̀sán ọjọ́ ìṣẹ́gun, kẹ́ ẹ sì kọ iye èlé tẹ́ ẹ fẹ́ sínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ 25% nígbà tí stop rate jẹ́ 18%, wọ́n á dá owó yín padà, ẹ ò ní rí nǹkan kan rà lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ lọ wo èsì títà méjì tó ṣáájú lórí wẹ́ẹ́bù CBN kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì kọ èyí tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, torí iye kan náà ni gbogbo ẹni tó bá wọlé máa gbà.